Láti Ẹyin Dé Àgbébọ̀: Bí A Ṣe Lè Tọ́ Òròmọdìẹ Yè ní Ẹ̀yìnkùlé Wa

Bí a bá wọ agboolé mẹ́wàá láti Àjárà títí dé Sẹ̀mẹ̀, agbára káká ni a ó fi rí ọ̀kan tí adìẹ kò sí níbẹ̀. Adìẹ ń jẹ̀ lábẹ́ igi àgbọn, ó ń tan yanrìn lẹ́yìn ilé ìdáná, ó sì ń wọlé sùn ní ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá bi obìnrin tí ó ni ín léèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, èló ni adìẹ yìí mú wọlé fún yín ní ọdún tí ó kọjá?" ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ fi dá wa lóhùn. Ó mọ iye èrè tí òun jẹ lórí gààrí, ó mọ iye ẹja tí òun yan, ṣùgbọ́n ní ti adìẹ, ó kàn wà níbẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí a kà á lónìí. Àgbébọ̀ adìẹ ìbílẹ̀ máa ń yé ẹyin bí 10 sí 15 kí ó tó sàba, ó sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin láàárín ọdún kan. Bí ó bá sàba lé ẹyin 12, tí 9 nínú wọn di òròmọdìẹ, tí ó sì ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹta, òròmọdìẹ 27 nìyẹn láti ara àgbébọ̀ kan ṣoṣo. Níbo ni àwọn 27 náà wà ní ilé tiyín? Àṣá gbé díẹ̀, òjò pa díẹ̀, ológbò aládùúgbò mú tirẹ̀, nígbà tí ọyẹ́ sì dé, àrùn kó èyí tí ó kù. Bí mẹ́rin tàbí márùn-ún bá dàgbà, a ó sọ pé adìẹ náà ní orí ire.

Nítorí náà, nígbà tí àwọn ènìyàn bá ń sọ pé adìẹ ìbílẹ̀ kò mú owó wá nítorí pé kì í yé ẹyin púpọ̀, mo máa ń sọ fún wọn pé ibi tí àdánù wà kọ́ nìyẹn. Òròmọdìẹ tí a bí tí kò yè ni àdánù wa.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré fún obìnrin agbègbè wa. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni kò tíì gbàgbé ohun tí ojú rí nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ti ibodè Sẹ̀mẹ̀ pa ní oṣù Ògún 2019, tí wọn kò sì ṣí i títí di oṣù Ọ̀pẹ 2020, tí àrùn kòrónà sì tún bọ́ sí àárín rẹ̀. Obìnrin tí gbogbo òwò rẹ̀ dá lórí lílọ bíbọ̀ sí Àjàṣẹ́ àti Kútọnu jókòó sílé fún oṣù mẹ́rìndínlógún. Ẹni tí ó ní àgbébọ̀ márùn-ún tí ń pamọ déédéé ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní ohun tí ó lè mú lọ sí ọjà Àgbalátà nígbà tí owó ilé ìwé ọmọ bá dé, láìdúró de ẹnikẹ́ni.

Kí a tó sọ̀rọ̀ nípa ìsàba, mo fẹ́ kí a mọ irú adìẹ tí à ń sọ. Adìẹ àgíríìkì, èyí tí àwọn olóko ńlá ń kó sínú àgò onírin, lè yé ẹyin tí ó lé ní 250 lọ́dún bí oúnjẹ rẹ̀ bá pé. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ṣe àyàn irú rẹ̀ ti yọ ìsàba kúrò lára rẹ̀, nítorí pé adìẹ tí ó bá ń sàba kì í yé ẹyin. Bákan náà, kò sí àkùkọ láàárín wọn. Obìnrin kan á ra kéréètì ẹyin lọ́jà, á yan èyí tí ó tóbi nínú rẹ̀, á sì kó o sábẹ́ àgbébọ̀ rẹ̀ pé kí òun lè ní irú adìẹ ńlá. Ọjọ́ 21 á pé, kò sí ohun tí yóò jáde àfi òórùn. Ẹyin tí àkùkọ kò ní ọwọ́ nínú rẹ̀ dára fún jíjẹ, ṣùgbọ́n kò lè di ọmọ láéláé. Bí ẹ bá fẹ́ ẹyin fún ìsàba, kí àkùkọ kan tí ara rẹ̀ le wà láàárín àgbébọ̀ mẹ́jọ sí mẹ́wàá, kí ó má sì jẹ́ ọmọ ìyá wọn. Ẹ máa pààrọ̀ àkùkọ pẹ̀lú ìyá ilé mìíràn ní ọdún méjì-méjì.

Irú kan tún wà láàárín àwọn méjèèjì. Ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ọ̀gbìn ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Abẹ́òkúta, àwọn onímọ̀ fi adìẹ ìbílẹ̀ wa ṣe àyàn títí wọ́n fi ní irú kan tí wọ́n pè ní FUNAAB Alpha, èyí tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 2018. Ó tóbi ju ti ìbílẹ̀ lọ, ó ń yé ẹyin jù ú lọ, ó sì lè jẹ̀ níta. Bí ẹ bá rí ẹyin irú èyí tí àkùkọ wà pẹ̀lú ìyá rẹ̀, ẹ gbé e fún àgbébọ̀ ìbílẹ̀ yín kí ó bá yín sàba lé e. Àgbébọ̀ kì í béèrè ẹni tí ó yé e. Ẹ má sì ṣe kórìíra adìẹ tí ọrùn rẹ̀ ṣí láìní ìyẹ́, tàbí èyí tí ìyẹ́ rẹ̀ ká sẹ́yìn bí ẹni pé atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ. Àwọn ọmọdé máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ooru etí òkun kì í tètè mú wọn, nítorí pé ìyẹ́ tí ó bo ara wọn kò pọ̀.

Bí àgbébọ̀ bá ti ń yé, ẹ máa kó ẹyin rẹ̀ lójoojúmọ́, kí ẹ fi ẹyọ kan sílẹ̀ fún un kí ó má baà sá lọ yé sínú igbó. Ẹ fi pẹ́ńsù kọ ọjọ́ sí ara ẹyin kọ̀ọ̀kan. Ibi tútù tí kò sí oòrùn ni kí ẹ kó wọn sí, kí orí tí ó ṣóńṣó wà nísàlẹ̀, nítorí pé orí kejì tí ó fẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tí òròmọdìẹ yóò kọ́kọ́ mí wà. Ẹ má ṣe fọ̀ ọ́. Omi á ṣí ihò wẹ́wẹ́ ara èèpo ẹyin, ìdọ̀tí á sì gba ibẹ̀ wọlé; bí ó bá ní ìdọ̀tí díẹ̀, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún, èyí tí ó bá ti rin nínú ìgbẹ́ kí ẹ sè é jẹ. Ẹyin tí ó bá ti ju ọjọ́ méje lọ ti ń pàdánù agbára rẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹyin àkọ́kọ́ nínú ìtẹ́ adìẹ tí a kò bojú tó kì í fi í di ọmọ: ọ̀sẹ̀ méjì ni ó ti wà níbẹ̀ kí ìyá rẹ̀ tó sàba.

Ilẹ̀ wa ní etí ọ̀sà máa ń tutù, omi kò jìnnà sí abẹ́ yanrìn, ejò sì fẹ́ràn ẹyin. Ẹ má ṣe fi ìtẹ́ sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ gbé agbọ̀n tàbí ìkòkò tí ẹnu rẹ̀ gbòòrò sórí bulọ́ọ̀kù méjì tàbí mẹ́ta, ẹ da yanrìn gbígbẹ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ tẹ́ koríko gbígbẹ tàbí fọ́nrán èèpo àgbọn lé e. Ẹ bu eérú igi díẹ̀ sí i, nítorí iná ara adìẹ ni ó sábà máa ń lé àgbébọ̀ kúrò lórí ẹyin kí ọjọ́ tó pé. Alẹ́ ni kí ẹ gbé ẹyin sábẹ́ rẹ̀, 10 sí 12, kì í ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àgbébọ̀ tí ẹyin bá yọ níbi ìyẹ́ apá rẹ̀, òtútù yóò máa mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn ni yóò sì bàjẹ́ níkẹyìn. Kí oúnjẹ àti omi wà nítòsí, nítorí ẹ̀ẹ̀kan ni àgbébọ̀ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ lójúmọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ keje, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì nínú òkùnkùn, kí ẹ gbé ẹyin lé ojú rẹ̀. Bí ẹ bá rí iṣan pupa tín-ín-rín tí ó na ọwọ́ bí ti aláǹtakùn, ọmọ wà níbẹ̀. Bí ó bá mọ́lẹ̀ kedere bí ọjọ́ tí a yé e, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, ẹ yọ ọ́. Ẹ tún wò ó ní ọjọ́ kẹrìnlá. Èyí tí ó yẹ kí ó ti dúdú púpọ̀ nígbà náà ni ọmọ ti ń kún. Láti ọjọ́ kejìdínlógún lọ, ẹ má ṣe fọwọ́ kàn wọ́n mọ́. Bí òròmọdìẹ bá ti sọ èèpo ẹyin lu tí ó sì dúró, ẹ má ṣe bá a bó o. Ó lè fi wákàtí 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sinmi kí ó tó jáde, ẹ̀jẹ̀ sì lè dà bí ẹ bá kánjú.

Àwọn kan máa ń bi mí nípa ẹ̀rọ tí ń fi iná mànàmáná ṣe iṣẹ́ àgbébọ̀. Ó dára fún ẹni tí ó ní ẹyin púpọ̀. Ìwọ̀n ooru tí ó fẹ́ jẹ́ nǹkan bí 37.5 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, a sì ní láti máa yí ẹyin ní ẹ̀ẹ̀mẹta ó kéré tán lójúmọ́. Ní ilẹ̀ Íjíbítì, láti ayé àtijọ́, ilé amọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, wọ́n á dá iná sínú rẹ̀, ẹni tí ń ṣọ́ ọ á sì gbé ẹyin kan ìpéǹpéjú rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ooru náà ti tó. Ṣùgbọ́n fún ìyá ilé tí ó ní àgbébọ̀ márùn-ún, tí ó sì mọ bí iná ọba ti ń ṣe, èrò tèmi ni pé kí ó fi owó ẹ̀rọ náà ra oúnjẹ òròmọdìẹ. Bí ó bá fẹ́ kí iṣẹ́ náà yá, kí ó jẹ́ kí àgbébọ̀ méjì sàba ní alẹ́ ọjọ́ kan náà. Nígbà tí wọ́n bá pamọ, kí ó kó gbogbo ọmọ fún ọ̀kan ní alẹ́, èkejì yóò sì padà sí ìdí ẹyin yíyé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ ni ó le jù. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń tú ìyá àti ọmọ sílẹ̀ ní ọjọ́ kejì pé kí wọ́n lọ wá oúnjẹ òòjọ́ wọn. Ìyá á sì kó wọn gba inú ìrì àti abẹ́ ojú àṣá lọ. Ẹ dé ìyá mọ́ abẹ́ àgò tí ojú ọ̀nà rẹ̀ fẹ̀ tó fún òròmọdìẹ láti wọlé jáde, ṣùgbọ́n tí ìyá kò lè gbà. Àwọn ọmọ kò ní jìnnà sí ohùn rẹ̀. Kí àgò náà wà lábẹ́ òrùlé imọ̀ àgbọn, kí òjò má baà rí wọn. Ẹ fún wọn ní omi nínú abọ́ pẹlẹbẹ, kí ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀ kí wọ́n má baà rì. Omi mímu tí kò ní iyọ̀ ni o. Kànga mìíràn wà lágbègbè wa tí òkun ti wọ inú rẹ̀, kò sì dára fún ohun tí kò tíì ju ìkúùkù ọmọdé lọ. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bá pé, tí ìyẹ́ ti ń bo ara àwọn ọmọ, ẹ mú ìyá kúrò lọ́dọ̀ wọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí yé, bẹ́ẹ̀ ni ó lè fi ìsàba kan tàbí méjì kún iye èyí tí ń ṣe lọ́dún.

Ní ti ibùsùn àwọn tí ó ti dàgbà, ẹ̀yin tí ẹ rí bí àwọn ará wa ti ń kọ́ ilé sórí òpó lójú ọ̀sà kò nílò kí n kọ́ yín. Ẹ kọ́ ilé adìẹ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: òpó mẹ́rin, ilẹ̀ tí a fi ọparun tò ní àlàfo díẹ̀ kí ìgbẹ́ lè máa jábọ́, ìlẹ̀kùn tí a lè tì. Ìgbẹ́ náà yóò wúlò fún ẹ̀fọ́ yín.

Oúnjẹ wá di ohun tí ó ń fa àríyànjiyàn, nítorí oúnjẹ adìẹ tí a ń rà nínú àpò ti gbówó lórí. Etí òkun kò tòṣì. Ìfun àti orí ẹja tí ẹ ń dà nù, bí ẹ bá sè é tí ẹ sá a gbẹ, tí ẹ sì gún un, oúnjẹ tí ń mú òròmọdìẹ dàgbà kíákíá ni. Ohun tí ó kù lẹ́yìn tí a bá fún òróró àgbọn, èèrí ògì, èèpo ẹ̀gẹ́ tí a sá gbẹ dáadáa, gbogbo rẹ̀ ni adìẹ ń jẹ. Ṣùgbọ́n ohun méjì wà tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún. Èkíní ni ẹja oníyọ̀ àti omi tí a fi ṣan án, nítorí iyọ̀ ń pa òròmọdìẹ ní wéréwéré. Èkejì ni àgbàdo tàbí àgbọn tí ó ti bu. A máa ń sọ pé, "Ó ti bàjẹ́, ẹ dà á fún adìẹ," bẹ́ẹ̀ ni májèlé tí ó wà nínú ohun tí ó bu kì í ṣojúsàájú adìẹ.

Àwọn aládùúgbò wa ní Àjàṣẹ́ ti fi ohun mìíràn hàn wá. Ní ibùdó Songhai tí Fadá Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1985, wọ́n ń fi pàǹtí sin ìdin láti fi bọ́ ohun ọ̀sìn. Mo mọ̀ pé ara yóò bu àwọn kan nínú yín. Ṣùgbọ́n kí ni adìẹ ń wá nígbà tí ó bá ń tan ilẹ̀ bí kò ṣe ìdin àti ikán? Ìkarahun tí ọ̀sà ń kó wá sí ilẹ̀ wa, ẹ jó o, ẹ gún un, kí ẹ fi í sínú abọ́ fún àwọn tí ń yé, kí èèpo ẹyin wọn lè le.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ kan nípa ẹyin àti àwọn ọmọ wa. Nígbà tí à ń dàgbà, wọ́n máa ń sọ pé ọmọ tí a bá ń fún ní ẹyin yóò di olè. Ẹyin wọ́n nígbà náà, ó sì yé mi pé àwọn àgbà fẹ́ dáàbò bo ìtẹ́ adìẹ. Ṣùgbọ́n ẹyin ńlá kan ní nǹkan bí gíráàmù 6 purotéènì, èròjà tí ń mú ara ọmọ dàgbà, nínú. Ìyá tí ó ń ta gbogbo ẹyin ilé rẹ̀ láti fi ra bísíkíìtì fún ọmọ ti ṣe òwò tí kò ní èrè. Nínú ẹyin 15, bí 10 bá lọ sábẹ́ àgbébọ̀, kí márùn-ún wọ inú abọ́ àwọn ọmọ, kí a sè é jinná dáadáa.

Mo sì bẹ ẹ̀yin ọkọ tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn wa ní ìkọ̀kọ̀. Àgbébọ̀ tí ìyàwó yín sìn, tí ó sì wà lórí ẹyin, kì í ṣe èyí tí a ń pa fún àlejò tí ó yà lójijì. Ẹ bi í kí ẹ tó mú un. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ máa kọ ẹyin, ọmọ, èyí tí ó kú, èyí tí a tà, àti èyí tí a pa sínú rẹ̀. Adìẹ tí ó wà nínú ìwé kì í ṣòro láti gbèjà.

Mo ti fi ọ̀rọ̀ tí ó wúwo jù sí ìkẹyìn. Lúkúlúkú ni. Ẹ mọ̀ ọ́n: adìẹ á máa mí gúlegúle, ìgbẹ́ rẹ̀ á dà bí omi ewé, ọrùn rẹ̀ á lọ́, ẹsẹ̀ àti apá á rọ, nígbà tí ilẹ̀ bá sì mọ́, òkú ni ẹ ó bá kárí ilé. Àwọn òyìnbó fi orúkọ ìlú Newcastle ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pè é, nítorí wọ́n dá a mọ̀ níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1920. Ní orílẹ̀-èdè wa, Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀, láàárín oṣù Ọ̀pẹ 1952 àti oṣù Èrèlè 1953. Ẹ kíyè sí oṣù náà: ìgbà ọyẹ́ ni, nígbà tí àwọn ènìyàn sì ń gbé adìẹ láti ọjà kan dé èkejì nítorí ọdún. Títí di òní, àkókò náà ni ó ń pọ̀ jù. Kò sí oògùn tí ń wò ó. Àgúnmu, ata, ọtí, gbogbo ohun tí a ń da sí omi adìẹ tí ó ti mú kò lè lé e lọ.

Àjẹsára ni ó lè dí i lọ́nà, kò sì wọ́n. Ilé iṣẹ́ ìwádìí ìṣègùn ẹran ọ̀sìn tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Vom, nítòsí Jos, ní 1924 ń ṣe é. Ọ̀kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní I-2, tí ooru kì í tètè bà jẹ́, tí a sì ń kán ẹyọ kan ṣoṣo sí ojú adìẹ. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta tàbí mẹ́rin-mẹ́rin ni a ń ṣe é, a sì gbọ́dọ̀ ti ṣe é ní oṣù kan ó kéré tán kí ọyẹ́ tó dé. Adìẹ tí ó lera nìkan ni a ń kán an fún. Bí ẹ bá ra adìẹ tuntun lọ́jà, ẹ so ó lọ́tọ̀ fún ọjọ́ 14 kí ó tó bá àwọn ti ilé jẹ̀. Bí àrùn bá sì ti wọ agboolé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe sáré kó àwọn tí ó kù lọ sí ọjà. Ilé obìnrin bíi tiyín ni ẹ ń kó ikú lọ.

Òkú adìẹ kò yẹ ní fífọwọ́ lásán mú, kò sì yẹ ní jíjẹ. Àrùn mìíràn wà tí ó jọ lúkúlúkú, òun ni àrùn ọ̀fìnkìn ẹyẹ, tí a kọ́kọ́ rí ní Áfíríkà ní ìpínlẹ̀ Kàdúná ní oṣù Èrèlè 2006. Ní oṣù Ṣẹẹrẹ 2007, a fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òun ni ó pa obìnrin kan ní Èkó. Bí adìẹ bá kú lójijì tí ó ju ẹyọ kan lọ, ẹ fi ọ̀rá bọ ọwọ́, ẹ sin wọ́n jìn, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, kí ẹ sì ránṣẹ́ sí dókítà ẹran ọ̀sìn ti ìjọba ìbílẹ̀ yín.

Ohun tí ó máa ń dí àwọn ìyá ilé lọ́wọ́ ni pé ìgò àjẹsára kan lè tó adìẹ 200, nígbà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan kò ní ju mẹ́wàá lọ. Ẹ pe ara yín jọ, bí ẹ ti ń ṣe fún èésú. Obìnrin 15 ní àdúgbò kan lè dá owó ìgò kan, kí wọ́n yan ọjọ́ kan ní ìparí oṣù Ọ̀wẹwẹ̀, kí ọ̀kan nínú wọn lọ bá oníṣègùn ẹran ọ̀sìn pẹ̀lú fúláàsì tí yìnyín wà nínú rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, kí oníkálùkù ti adìẹ rẹ̀ mọ́lé, kí ó má baà di pé a ń lé wọn kiri abẹ́ àgbọn. Kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní òwúrọ̀ kùtù kí oòrùn tó mú, nítorí pé bí a bá ti po oògùn náà, a kì í tọ́jú rẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹnì kan á di adìẹ mú, èkejì á kán an sí ojú, ẹ̀kẹta á kọ ọ́ sínú ìwé. Kí ẹ tó túká, ẹ ti dá ọjọ́ tí ẹ ó tún ṣe é ní oṣù Ṣẹẹrẹ.